Àtò ipò orin Jimi Hendrix, àkọsílẹ̀ kẹrin: àwọn mẹ́ta tó ń lé ara wọn yípo

Ìfiwéra 66 ti parí. Orin 12 tí Jimi Hendrix, olórin gìtá ará Amẹ́ríkà, ká sílẹ̀ ló wọlé, ọ̀kọ̀ọ̀kan pàdé 11 yòókù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, èyí tó borí gba àmì 1, kò sì sí ọ̀mì. Láti ipò kẹrin dé ìkejìlá, wọ́n tò bí ìlẹ̀kẹ̀: Machine Gun borí 8, The Wind Cries Mary 7, Castles Made of Sand 6, orin tó ń jẹ́ 1983 borí 5, Bold as Love 4, Purple Haze 3, Burning of the Midnight Lamp 2, Manic Depression 1. Red House kò borí ẹnì kankan. Kì í ṣe pé orin náà burú. Àárín àwọn àgbà ló bọ́ sí. Mo mọ̀ pé ìjà yóò wà lórí Purple Haze ní ipò kẹsàn-án. Ohùn méjì tó ń ta ko ara wọn ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, B♭ lórí E, kò ní ẹlẹgbẹ́, àmọ́ kí ìṣẹ́jú kejì tó pé, orin náà ti sọ èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tó fẹ́ sọ. Mi ò ní tú u wò mọ́.

Òkè ni wàhálà wà. Orin mẹ́ta ní àmì 10 lẹ́nì kọ̀ọ̀kan. Little Wing na Voodoo Child, Slight Return. Voodoo Child na All Along the Watchtower. Watchtower yí padà, ó na Little Wing. Ẹ tún un kà bó ṣe wù yín, ẹ ò ní rí ẹni tó wà lókè. Bí ẹ bá mú èyíkéyìí sí ipò kìíní, ẹni tó nà án wà níbẹ̀ tó ń wò yín.

Ohun tí mo kọ́kọ́ fura sí ni gíga ohùn, ìyẹn bí orin kan ṣe ń pariwo ju òmíràn lọ. Etí èèyàn máa ń gba ohùn tó fi díẹ̀ ròkè bí ohùn tó dára jù. Kò tilẹ̀ ní mọ̀ pé ó ròkè. Ohun tí yóò sọ ni pé bẹ́ẹ̀sì rẹ̀ kún, gìtá rẹ̀ sì mọ́ gaara. dB 1 péré, ìwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ariwo, ti tó láti ṣe é. Àwọn fáìlì tí mo ń lò kò ti ibì kan náà wá: òmíràn jẹ́ síìdì àtijọ́, òmíràn jẹ́ àtúnṣe tí wọ́n ti fún ohùn rẹ̀ pọ̀ kó lè ròkè, àwọn mìíràn sì ti orí àwo rẹ́kọ́ọ̀dù wá. Àtúnṣe yìí ni gbogbo ẹni tó bá ń to orin ní ipò gbọ́dọ̀ ṣe kó tó bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe lẹ́yìn ìfiwéra 66 bíi tèmi. Ẹ wọn orin kọ̀ọ̀kan, kí ẹ rẹ èyí tó ròkè sílẹ̀ títí gbogbo wọn yóò fi wà ní −18 LUFS, ìwọ̀n bí etí ṣe ń gbọ́ ariwo orin sí. Ẹ má ṣe gbé èyí tó lọ sílẹ̀ sókè, nítorí ibi tí gìtá ti ń pariwo jù yóò kan àjà, yóò sì máa fọ́.

Ọ̀fìn kan wà nínú ìwọ̀n yẹn. Iye tí ẹ̀rọ ń gbé jáde jẹ́ àpapọ̀ gbogbo orin. 1983 gùn tó ìṣẹ́jú 13 àti àáyá 39, àárín rẹ̀ sì dákẹ́ bí ìsàlẹ̀ omi. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn ń fa àpapọ̀ sílẹ̀, bí ẹ bá wá fi −18 tò ó, ibi tí gbogbo ẹgbẹ́ ti ń lù yóò ròkè ju ti orin kúkúrú lọ. Machine Gun náà ṣe bẹ́ẹ̀. Fún orin gígùn, ẹ gé àáyá 30 níbi tí ìlù, bẹ́ẹ̀sì àti gìtá ti péjọ, ẹ wọn ìyẹn nìkan, kí ẹ sì fi í tún gbogbo orin ṣe.

Mo tò wọ́n, mo tún ìfiwéra mẹ́ta òkè ṣe. Òbìrípo náà kò yẹ̀.

Ìfura kejì ni àwo fúnra rẹ̀. Watchtower àti Voodoo Child ni orin méjì tó kẹ́yìn lójú kẹrin Electric Ladyland, àwo Hendrix. Àwo ń yí ní ìgbà 33⅓ níṣẹ́jú kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, àmọ́ òbírí tó sún mọ́ àárín kúrú ju ti etí àwo lọ, nítorí náà ibi tí ohùn àáyá kan ní láti wọ̀ sí ń dínkù bí abẹ́rẹ́ ti ń wọlé. Ohùn tín-ín-rín ló kọ́kọ́ ń jìyà rẹ̀: pẹrẹsẹ ìlù, àwo irin tí onílù ń lù, yóò máa ta bí epo gbígbóná, “s” ẹnu akọrin yóò di “ṣ”. Little Wing náà kò jìnnà sí àárín, òun ni ìkẹfà nínú orin méje ojú kìíní àwo Axis: Bold as Love, ṣùgbọ́n ohùn jẹ́jẹ́ ni tirẹ̀, kò fún abẹ́rẹ́ níṣẹ́ tó pọ̀. Ó hàn pé kì í ṣe orin nìkan ni mo ń fi wéra, mo ń fi ojú àwo wéra pẹ̀lú.

Níbi tí ọ̀rọ̀ àwo ti dé yìí, ẹ̀yin tí ẹ ń ra àlòkù, ẹ má ṣe gba ọ̀rọ̀ “kò lábàwọ́n” gbọ́ títí ẹ ó fi gbọ́ orin tó kẹ́yìn lójú kọ̀ọ̀kan. Ìlà tó ṣeé fi ojú rí kò fi bẹ́ẹ̀ ṣe nǹkan. Abẹ́rẹ́ tó ti gbó ló ń ba àwo jẹ́ láìfi àmì kankan sílẹ̀. Ẹ bi ẹni tó ń tà á bóyá ó lè gbé Voodoo Child sí i kí ẹ gbọ́. Tí kò bá fẹ́, ìdáhùn ti dé nìyẹn.

Mo kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jáde láti orí síìdì, mo tò wọ́n sí −18, mo tún wọn gbọ́. Little Wing na Voodoo Child, Voodoo Child na Watchtower, Watchtower na Little Wing. Bákan náà!

Ìgbà yẹn ni mo tó padà sí ìwé àkọsílẹ̀, mo ka ìdí tí mo kọ sí ẹ̀gbẹ́ ìdájọ́ kọ̀ọ̀kan. Níbi tí Little Wing ti borí, ohun tó wà níbẹ̀ ni “orin tó pé, kò sí ọ̀rọ̀ àsọdànù”. Níbi tí Voodoo Child ti borí: “gìtá, orin tirẹ̀ sì ni”. Níbi tí Watchtower ti borí: “bí wọ́n ṣe to ohùn léra, ó parí dáadáa”. Ìbéèrè mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni mo ti ń dáhùn! Nígbà kan mo ń ṣèdájọ́ orin tí Hendrix kọ, nígbà kejì mo ń ṣèdájọ́ bó ṣe ta gìtá, nígbà kẹta mo ń ṣèdájọ́ ohun tí wọ́n ká sílẹ̀ ní sítúdíò. Bí ìbéèrè bá ń yí, kò sí bí ìdáhùn kò ṣe ní yípo.

Mo kọ́kọ́ gbìyànjú máàkì: gìtá 4, orin 3, ẹgbẹ́ 2, kíká 1, àpapọ̀ 10. Mo pa á tì láàárín wákàtí kan. Bí gìtá bá ní 4, Voodoo Child ló ń borí. Ẹ gbé 4 fún orin, Little Wing ló ń borí. Ẹni tó pín máàkì ti mú olúborí kó tó gbọ́ orin, ó kàn fi ìṣirò bò ó ni.

Ìlànà tuntun, èyí tí yóò dúró: ohun tí wọ́n ká sílẹ̀ là ń tò ní ipò, láti àáyá kìíní dé ìkẹyìn, bó ṣe wà lórí àwo. Ta ló kọ orin kò sí nínú rẹ̀. Èyí tún yanjú ẹjọ́ àkọsílẹ̀ kejì, pé ṣé Watchtower, orin tí Bob Dylan kọ, lè wọ àtò Hendrix. Ó lè wọ̀ ọ́.

Lábẹ́ ìlànà yìí, Little Wing ló kọ́kọ́ jábọ́, ó sì dùn mí. Okùn gìtá wà ní ìdajì ohùn sísàlẹ̀, E di E♭. Àtàǹpàkò Hendrix bo ọrùn gìtá láti òkè, ó ń tẹ bẹ́ẹ̀sì, àwọn ìka yòókù ń ta ohùn orin àti ìdáhùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, bí ẹni méjì tó ń sọ̀rọ̀. Glockenspiel, ohun èlò onírin tí wọ́n ń lù, ń kán tín-tín lẹ́yìn. Lẹ́yìn ẹsẹ̀ kejì ni gìtá bẹ̀rẹ̀ sí í dá sọ̀rọ̀, ibi tí etí ti ń nà sí i gan-an ni wọ́n ti rẹ ohùn sílẹ̀, ìṣẹ́jú 2 àti àáyá 24, ó parí. Gẹ́gẹ́ bí orin, kò lálébù, ìdí nìyẹn tí ẹgbẹ́ olórin Derek and the Dominos fi lè gbé e lọ́nà mìíràn pátápátá ní 1970 tí kò sì bàjẹ́. Gẹ́gẹ́ bí ohun tí wọ́n ká sílẹ̀, wọ́n ti ilẹ̀kùn nígbà tí àlejò ṣì ń wọlé. Ipò kẹta.

Voodoo Child, sítúdíò Record Plant, New York, 3 oṣù Karùn-ún 1968, ọjọ́ tó tẹ̀ lé èyí tí wọ́n ká Voodoo Chile, orin ọ̀tọ̀ oníṣẹ́jú 15, èyí tí Steve Winwood ta ọ́gáànù sí. Ẹ fetí sí àáyá díẹ̀ àkọ́kọ́: ó fi ọwọ́ pa okùn mọ́lẹ̀ kó má dún, ó ń gbo wọ́n, wah-wah, ẹ̀rọ àtẹ̀sẹ̀ tó ń yí ohùn gìtá padà, nìkan ló ń ṣí tó ń pa lábẹ́ ẹsẹ̀. Kò tíì ta ohùn orin kan, ẹ sì ti mọ orin tó jẹ́. Ohun tó dín ipò rẹ̀ kù ni ìṣẹ́jú tó kẹ́yìn, níbi tí wọ́n ti ń ju gìtá láti etí kan sí èkejì. Nínú hẹ́dìfóònù ó ń dáni lárayá lẹ́ẹ̀mejì, ní ìgbà kẹta ẹ ti ń retí kó tán.

Watchtower, sítúdíò Olympic ní London, oṣù Kìíní 1968. Dave Mason ti ẹgbẹ́ Traffic ta gìtá olókùn 12, Noel Redding, ẹni tó máa ń ta bẹ́ẹ̀sì fún Hendrix, bínú jáde, Hendrix fúnra rẹ̀ ló ta bẹ́ẹ̀sì. Lẹ́yìn náà wọ́n gbé e lọ sí New York, ó ń fi ohùn kún ohùn. Ibi tí gìtá ti dá sọ̀rọ̀ láàárín pín sí mẹ́rin: títa gbalaja, lẹ́yìn náà fífà lórí okùn, lẹ́yìn náà wah-wah, lẹ́yìn náà ohùn alápapọ̀ tó ń bá ìlù rìn. Kò sí èyí tó tún ohun tí èkejì sọ sọ. Mo gbìyànjú láti yọ ọ̀kọ̀ọ̀kan kúrò nínú fáìlì, mo so ìyókù pọ̀. Gbogbo ìgbà ni ó ń dún bí àtẹ̀gùn tí wọ́n yọ ìgbésẹ̀ kan. Lóòótọ́, ohùn rẹ̀ náà rọlẹ̀ níparí, àmọ́ ó ti sọ tẹnu rẹ̀ tán. Ipò kìíní.

Ó ku kásẹ́ẹ̀tì tí mo fẹ́ ká orin 12 náà sí. C60, oníṣẹ́jú 30 lójú kan, ni mo ti là sílẹ̀, láti ìkejìlá sọ̀kalẹ̀ dé ìkíní, mẹ́fà lójú kan. Ìṣirò kò gbà. Ojú kìíní, Red House dé 1983, jẹ́ 31:51. Ojú kejì, Castles dé Watchtower, jẹ́ 30:20. Ẹ fi àlàfo àáyá 3 márùn-ún kún ọ̀kọ̀ọ̀kan. C60 kan lè fi díẹ̀ gùn ju ìṣẹ́jú 30 lọ, òmíràn kò ní ju bẹ́ẹ̀, àáyá bíi 5 àkọ́kọ́ sì jẹ́ ike lásán tí kò gba ohùn. Bí téèpù bá tán lójú kejì, orin ipò kìíní ni yóò gé. Mo ti ń ronú láti yọ Red House, àmọ́ nítorí ìṣẹ́jú méjì ni?

Nítorí náà C90, oníṣẹ́jú 45 lójú kan, Type II, ìyẹn irú téèpù kejì. Téèpù rẹ̀ tín-ín-rín ju ti C60 lọ, ẹ má ṣe sáré fà á síwá sẹ́yìn lásán, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi C120 lọ̀ yín, ìyẹn yóò ká mọ́ inú ẹ̀rọ. Ẹ wo ihò tó wà lẹ́yìn kásẹ́ẹ̀tì kí ẹ rí i pé ẹ̀rọ mọ̀ ọ́n sí Type II. Ní 4.76 cm láàáyá kan, téèpù kì í gba ohùn tín-ín-rín tó pọ̀ kó tó kún, fuzz Hendrix, ohùn gìtá rẹ̀ tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fọ́, sì kún fún un; mo ká àáyá 20 tó ròkè jù nínú Voodoo Child ní ìdánwò, mo sì dín ìwọ̀n títí pẹrẹsẹ fi padà dún bí irin.

Ojú kejì yóò ṣẹ́kù ní ìṣẹ́jú 14 àti díẹ̀. Voodoo Chile gígùn fi ìdajì ìṣẹ́jú ré e kọjá, ó dunni! Òfìfo ni yóò wà, orin kankan kò ní tẹ̀ lé ipò kìíní. Ojú kìíní ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 13, nítorí náà àwọn tí kò wọ 12 ni yóò ṣíde: Crosstown Traffic, Fire, If 6 Was 9, bí ìṣẹ́jú 11 lápapọ̀. Red House yóò tẹ̀ lé wọn, ìkejìlá. Ìká méjì ló sì wà, ti àwo London ti 1967 àti ti àwo Smash Hits ti Amẹ́ríkà ní 1969. Lábẹ́ ìlànà tuntun, nǹkan ọ̀tọ̀ ni méjèèjì, èyí tí mo sì fi ṣe gbogbo ìfiwéra 11 rẹ̀ ni ti London. Ti Smash Hits kò tíì pàdé ẹnì kankan. Ìfiwéra 12 tuntun nìyẹn, ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Manic Depression.