Ẹ̀yin tí ẹ ń dá àgbàrá lọ́nà lórí òkè, ẹ kú iṣẹ́

Ọ̀nà ẹsẹ̀ inú igbó kì í tún ara rẹ̀ ṣe. Ẹ fi í sílẹ̀ fún ọdún mélòó kan péré: ẹ̀gún á bò ó, igi á wó dí i, àgbàrá á sì sọ ọ́ di kòtò. Ọ̀pọ̀ ará Èkó tó lọ kí ọmọ ní Maryland tàbí Atlanta ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti mú dé orí òkè Appalachia, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á ní ibẹ̀ mà dáa o. Ṣùgbọ́n ta ló gé igi tó wó dábùú ọ̀nà? Ta ló to òkúta tí wọ́n fi ṣe àtẹ̀gùn? Ọ̀pọ̀ nínú iṣẹ́ yẹn, àwọn èèyàn bíi tèmi tìrẹ ló ń ṣe é: tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, nọ́ọ̀sì, akẹ́kọ̀ọ́, tí wọ́n ń gbé irinṣẹ́ gun òkè lọ́jọ́ ìsinmi wọn láìgba kọ́bọ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú Appalachian Trail, ọ̀nà ẹsẹ̀ gbọọrọ tó gba orí òkè Appalachia yẹn, torí òun lọ́pọ̀ èèyàn gbọ́ orúkọ rẹ̀. Benton MacKaye ló dá àbá rẹ̀ ní 1921. Nígbà tó fi máa di 1937, ọ̀nà náà ti já láti orí dé ìdí. Láti Springer Mountain ní Georgia títí dé Katahdin ní Maine, ó tó nǹkan bí 3,500 kìlómítà, ìpínlẹ̀ 14 ló sì gbà kọjá. Ẹgbẹ́ bí ọgbọ̀n ló pín in mọ́ra wọn lọ́wọ́. Èyí tó gba Maryland, tó nǹkan bíi kìlómítà 65, abẹ́ Potomac Appalachian Trail Club ló wà, ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1927. Nínú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀, wọ́n á tún pín in sí wẹ́wẹ́: ẹnì kan tàbí tọkọtaya á gba kìlómítà díẹ̀, wọ́n á máa bẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mélòó kan lọ́dún. Ibi tí ẹ bá ti rìn tí ẹ ò kọsẹ̀, ẹnì kan ló jókòó tì í.

Ẹsẹ̀ èèyàn ń ba ọ̀nà jẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n omi ni baba ọ̀tá rẹ̀. Àgbàrá òjò ò lóun ò nílé wó, onílé ni ò ní gbà fún un. Gbogbo ọgbọ́n àwọn onílé yìí ni pé kí omi má rí ojú ọ̀nà bá rìn, àtìgbà tí wọ́n bá sì ti ń la ọ̀nà náà ni wọ́n ti ń ro ó. Ọ̀nà tó bá gun òkè lọ tààrà, omi náà á gba ibẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ tààrà. Nítorí náà, ẹ̀gbẹ́ òkè ni wọ́n máa ń la á gbà, kó máa gùn díẹ̀díẹ̀: nínú mítà mẹ́wàá tí ẹ bá rìn, kó má gbé yín ga ju nǹkan bíi mítà kan lọ. Ìdagẹ̀rẹ̀ ọ̀nà náà ò sì gbọdọ̀ ju ìdajì ìdagẹ̀rẹ̀ òkè tó gbà kọjá. Bó bá jù bẹ́ẹ̀, omi ò ní dábùú rẹ̀ kọjá mọ́, á kúkú máa tẹ̀ lé e lọ. Ojú ọ̀nà fúnra rẹ̀ ní láti fì sísàlẹ̀ díẹ̀: bó bá fẹ̀ ní 60 sẹ̀ǹtímítà, kí etí tó kọjú sísàlẹ̀ fi sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta rẹlẹ̀ ju èkejì lọ. Ẹni tó ń rìn lè má mọ̀, ṣùgbọ́n omi mọ̀ ọ́n.

Bó bá pẹ́, ẹsẹ̀ á tẹ àárín ọ̀nà wọlẹ̀, erùpẹ̀ á sì kóra jọ sétí ìsàlẹ̀, omi ò ní ríbi gbà jáde mọ́. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń rí wọn tí wọ́n ń fi ọkọ́ ro etí ọ̀nà níbi tí kò ti sí koríko rárá. Erùpẹ̀ tó kóra jọ yẹn ni wọ́n ń bì wó.

Níbi tó bá ti dagẹ̀rẹ̀ gan-an, wọ́n á dá omi lọ́nà. Wọ́n á gbẹ́ kòtò dábùú ojú ọ̀nà, wọ́n á tẹ́ ìtì igi sínú rẹ̀. Igi náà gbọ́dọ̀ ki tó 20 sẹ̀ǹtímítà, wọ́n á sì bó èèpo rẹ̀, torí èèpo ló ń gba omi sára tí igi fi ń tètè jẹrà. Bí ìdá méjì nínú mẹ́ta rẹ̀ á wọlẹ̀. Orí méjèèjì á yọ kọjá etí ọ̀nà ní 30 sẹ̀ǹtímítà, kí omi má bàa yí i po. Wọ́n á wá fi òkúta ńlá tàbí èèkàn dè é mọ́lẹ̀. Bí wọ́n ṣe fì í ni iṣẹ́ wà: láàárín dígírì 30 sí 45. Bí wọ́n bá gbé e dábùú gbọnrangandan, omi á dúró níwájú rẹ̀, á da ẹrẹ̀ síbẹ̀, á sì gorí rẹ̀ kọjá. Bí wọ́n bá fì í jù, omi á sáré jù, á hú ìdí rẹ̀. Òkúta dáa ju igi lọ, torí kì í jẹrà. Ṣùgbọ́n ẹ wá gbé e ná! Irin gbọọrọ ni wọ́n fi ń yí i díẹ̀díẹ̀, èèyàn mẹ́ta lè wà nídìí òkúta kan láti àárọ̀ di ọ̀sán.

Iṣẹ́ tí kì í hàn sójú ayé rárá ni kíkó ẹrẹ̀ àti ewé kúrò níwájú igi yẹn. Bí ewé bá ti wọ́ tán, kòtò á kún, igi náà á kàn sùn síbẹ̀ lásán. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń kó gọ́tà ní Mushin tàbí Surulere: wọ́n á kó ẹrẹ̀ dúdú jáde, wọ́n á tò ó jọ sétí gọ́tà gan-an, òjò kan péré á gbá gbogbo rẹ̀ padà síbi tó ti wá. Ohun tí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé máa ń ṣe lórí òkè náà nìyẹn, wọ́n á da erùpẹ̀ sí ẹnu ibi tí omi ń gbà jáde. Ẹni tó mọṣẹ́ á kó erùpẹ̀ náà sẹ́yìn igi, níbi tí ẹsẹ̀ ti jẹ ilẹ̀ wọnú, á kì í mọ́lẹ̀ dáadáa. Ewé ló máa fọ́n dànù sísàlẹ̀. Á wá la ẹnu ibi tí omi ń gbà jáde títí omi ò fi ní ráyè ṣẹ́rí padà.

Àwọn aláyùn náà ńkọ́? Ní àwọn igbó tí òfin 1964 dáàbò bò ní Amẹ́ríkà, ayùn ẹlẹ́ńjìnnì ò gbọdọ̀ dún níbẹ̀. Ayùn gbọọrọ tí èèyàn méjì ń fà ni wọ́n ń lò. Igi tó wó, tó gbé orí àti ìdí lé nǹkan, tí àárín rẹ̀ dá dúró lófuurufú, ewu ń bẹ níbẹ̀: òkè rẹ̀ ti fún pọ̀, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ń fà. Bí wọ́n bá rẹ́ ẹ látòkè nìkan, ojú gígé á pa dé mọ́ ayùn. Wọ́n á rẹ́ ẹ díẹ̀ látòkè, wọ́n á ki ike pẹlẹbẹ olórí ṣóńṣó bọ ojú gígé kó má bàa pa dé, wọ́n á wá parí rẹ̀ látìsàlẹ̀. Nígbà tí ìjì Helene jà ní September 2024, igi tó dí ọ̀nà ní North Carolina, Tennessee àti Virginia ò lóǹkà. Ọ̀pọ̀ oṣù ni wọ́n fi gé e.

Àmì funfun tí ẹ ń rí lára igi, tó ń fi ọ̀nà hàn, sẹ̀ǹtímítà 5 ló fẹ̀, ó sì ga ní sẹ̀ǹtímítà 15. Bó bá jẹ́ méjì tí ọ̀kan wà lórí èkejì, ọ̀nà fẹ́ yà nìyẹn.

Ẹni tó bá wà nílé tó fẹ́ fojú rí irú làálàá yìí, kó lọ sí Lekki Conservation Centre, tí Nigerian Conservation Foundation dá sílẹ̀ ní 1990. Gbogbo èèyàn ló ń sáré lọ sórí afárá olókùn 401 mítà tó wà lókè igi. Àwa rò pé ìsàlẹ̀ lẹ̀kọ́ wà, lórí pákó tí wọ́n tò sórí àbàtà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ wo òpó tó gbé pákó dúró, níbi tí omi àti afẹ́fẹ́ ti pàdé lára rẹ̀. Ibẹ̀ ni igi ti máa ń kọ́kọ́ jẹrà, kí ojú pákó tí ẹ ń tẹ̀ tó mọ nǹkan kan.

Yin ni yin ni, kẹ́ni lè ṣe mí-ìn. Ṣùgbọ́n ìyìn tí àwọn èèyàn yìí fẹ́ jù, ẹsẹ̀ yín ni ẹ máa fi yìn wọ́n. Bí ẹ bá dé ibi ẹrẹ̀, ẹ gba àárín rẹ̀ kọjá. A mọ̀ pé sníkà funfun ni ẹ wọ̀, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Bí ẹ bá yà á, koríko ẹ̀gbẹ́ á kú, ọ̀nà kan á di mẹ́ta, ẹrẹ̀ náà á sì máa fẹ̀ sí i. Ibi tí ọ̀nà bá ti ṣẹ́ kọ́rọ́, ẹ má gé e kúrú, torí ọ̀nà àbùjá yín ni àgbàrá máa gbà lọ́la. Bí ewé bá dí ẹnu kòtò, gìgísẹ̀ yín tó láti tú u.

Bí igi bá wó, ẹ má kàn sọ pé igi wó lọ́nà. Ẹ fi fóònù mú ibi tó wà gan-an, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ pẹ̀lú ìgò omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí wọ́n lè mọ bó ṣe ki tó, ẹ sì sọ bóyá ó wà nílẹ̀ tàbí ó rọ̀ sókè. Ìyẹn ló máa sọ irú ayùn àti iye èèyàn tí wọ́n máa kó wá.

Ẹni tó bá sì máa pẹ́ lọ́dọ̀ ọmọ lọ́hùn-ún lè bá wọn ṣiṣẹ́ ọjọ́ kan. Wọ́n máa ń gba ẹni tí kò mọ nǹkan kan, wọ́n á sì fún un ní irinṣẹ́. Bàtà tó bo ọrùn ẹsẹ̀, ṣòkòtò tó nípọn, ìbọ̀wọ́, oúnjẹ, àti omi lítà méjì sí mẹ́ta ni kẹ́ ẹ mú dání. Ẹ má gbé ọkọ́ kọ́ èjìká bí ẹni tó ń toko bọ̀. Ọwọ́ tó kọjú sísàlẹ̀ òkè ni kó wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, kí ẹnu rẹ̀ kọjú sílẹ̀. Bí ẹsẹ̀ bá yọ̀, ẹ jù ú nù sísàlẹ̀, ẹ má dì í mú. Ẹ fi mítà mẹ́ta jìnnà sí ẹni tó ń fi irinṣẹ́ ṣiṣẹ́, bí ẹ bá sì fẹ́ kọjá, ẹ ké sí i, kí ẹ dúró títí á fi gbé irinṣẹ́ sílẹ̀.