Mágínẹ́ẹ̀tì Wà Nínú Àpò

Òkúta tó já láti òfuurufú ni mò ń wá. Iṣẹ́ òní kò ju ìbẹ̀rẹ̀ àti ìnàró lọ: gbé òkúta, yí i padà, sọ ọ́ nù. Òkúta dúdú kún aṣálẹ̀ yìí lọ súà, ilẹ̀ ayé ló sì ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn. Oòrùn àti afẹ́fẹ́ ló kùn wọ́n ní dúdú dídán, tí wọ́n fi jọ ohun tó já láti òfuurufú.

Síbẹ̀, aṣálẹ̀ náà ló yẹ ká ti wá òkúta òfuurufú. Òkúta òfuurufú kì í já síbẹ̀ ju ibòmíràn lọ, ṣùgbọ́n òjò kò pọ̀ tí yóò mú irin inú rẹ̀ tètè dípẹtà, koríko kò sì bò ó.

Èèpo dúdú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí iná ìjábọ̀ dá sí i lára ni ojú mi ń wá. Nígbà mìíràn, ara rẹ̀ a tẹ̀ wọnú bí ìgbà tí ènìyàn fi àtàǹpàkò tẹ amọ̀ tútù. Èyí tó bá ní ihò afẹ́fẹ́ káàkiri, ìdàrọ́, ìyẹn pàǹtí irin yíyọ́, ni tàbí òkúta òkè ayọnáyèéfín. Mi ò kì í dúró tì í. Níbi tó bá ti sán, mo máa ń fi awò wo inú rẹ̀ bóyá màá rí èérún irin tó ń kọ mọ̀nà, tàbí àwọn hóró roboto tó ti wà láti ohun tó lé ní bílíọ̀nù 4.5 ọdún.

Gbogbo ènìyàn ló ń sọ pé mágínẹ́ẹ̀tì ni ká kọ́kọ́ lò. Lóòótọ́, irin àti níkẹ́ẹ̀lì wà nínú ọ̀pọ̀ òkúta òfuurufú, mágínẹ́ẹ̀tì a sì fà wọ́n. Ṣebí a máa fa ìdàrọ́ náà? Èyí tó wá láti òṣùpá sì lè má fà rárá. Ohun tó ń dùn mí ni ti NWA 7034, òkúta tó wá láti pílánẹ́ẹ̀tì Mars, tí wọ́n ń pè ní Black Beauty, tí wọ́n rà ní Mòrókò ní 2011. Èérún inú rẹ̀ kan ti tó bílíọ̀nù 4.4 ọdún, ìgbà tó ṣeé ṣe kí Mars ṣì ní agbára mágínẹ́ẹ̀tì tirẹ̀. Òkúta a máa tọ́jú àmì irú agbára bẹ́ẹ̀ sínú. Nígbà tí àwọn onímọ̀ yẹ àwọn ègé rẹ̀ wò, mágínẹ́ẹ̀tì ọwọ́ àwọn tó ń ṣà á ti pa àmì náà rẹ́, ó ti fi tirẹ̀ rọ́pò. Ìdí nìyí tí tèmi kò fi jáde nínú àpò láti àárọ̀.

Ẹsẹ̀ àti ojú ṣì ń ṣiṣẹ́. Ní oṣù Kẹwàá 2008, wọ́n rí òkúta òfuurufú kan tí wọ́n sọ ní 2008 TC3 ní nǹkan bí wákàtí 19 kó tó fọ́ sójú ọ̀run aṣálẹ̀ Nubia ní Sudan. Ní oṣù Kejìlá, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Khartoum tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, wọ́n ń rìn, wọ́n ń wolẹ̀. Nǹkan bí ègé 600 ni wọ́n kó jọ nígbẹ̀yìn.

Ọ̀kan ni mi ò sọ nù lónìí. Mo ya fọ́tò rẹ̀ kí n tó gbé e, mo kọ ibi tó wà sílẹ̀, mo fi ọ̀rá mímọ́ kó o. Bó bá jẹ́ òótọ́, kó tó gba orúkọ, ilé ìwádìí yóò mú giramu 20 tàbí ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún, èyí tó bá kéré jù. Kékeré báyìí, wọ́n á tún gé e!