Kí ẹ tó sanwó kọ̀ǹpútà Dell OptiPlex tòkunbọ̀ láti fi gbá géèmù

Ní Computer Village, Ìkẹjà, láàárọ̀ yìí, àbúrò kan ti fẹ́ sanwó Dell OptiPlex 7050 pẹ̀lú GTX 1650 gíga, ìyẹn káàdì tó ń gbé àwòrán géèmù jáde. Mo ní kó ṣí ìdérí rẹ̀ wò ná. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé káàdì náà kò ní wọlé ni?" Kò lè wọlé. SFF ni kọ̀ǹpútà náà, èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́. Káàdì low profile, ìyẹn èyí tó kúrú, nìkan ló gbà.

Ẹ jọ̀ọ́, bí tower, ìyẹn OptiPlex tó tóbi, bá wà lọ́jà, òun ni kẹ́ ẹ mú. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ iná ṣì wà ńbẹ̀. Ihò PCIe, níbi tí a ń ki káàdì bọ̀ lára bọ́ọ̀dù inú kọ̀ǹpútà, kì í fún káàdì ju wáàtì 75 lọ. Páwà sọ́pùláì (àpótí tó ń pín iná) tower 7050 kò ju wáàtì 240 lọ, kò sì ní okùn iná tí a ń ki bọ káàdì. Nítorí náà, ẹ yẹ ẹ̀gbẹ́ GTX 1650 náà wò dáadáa: òmíràn ní ihò iná onípín mẹ́fà (6-pin), òmíràn kò ní. Èyí tí kò ní ni kẹ́ ẹ rà. Ẹ má sì rò pé ẹ óò kàn ra páwà sọ́pùláì mìíràn fi rọ́pò. Ẹnu okùn ti Dell yàtọ̀.

Ní ti RAM, ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́ sí, DDR4 8GB méjì dára ju 16GB ẹyọ kan lọ, torí méjèèjì á jọ máa gbé iṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. SSD, ìyẹn ibi ìpamọ́ fáìlì tó yára, pọn dandan.

Tẹ́ ẹ bá tò ó tán, ara káàdì ni kẹ́ ẹ ki okùn mọ́nítọ̀ bọ̀, kì í ṣe ara bọ́ọ̀dù.