Ẹ Padà Wá Tí Ojú Yín Bá Dá

Ọdún kẹsàn-án mi rèé nídìí tábìlì tí wọ́n ti ń gba káàdì. Èmi kọ́ ni dókítà, èmi kọ́ ni nọ́ọ̀sì. Àǹtí Káàdì ni tọmọdé tàgbà ń pè mí. Kí n kọ orúkọ, kí n wá fáìlì, kí n máa fi ohùn pẹ̀lẹ́ bẹ àwọn tó ti jókòó láti àárọ̀ tí inú ti ń bí, iṣẹ́ mi ò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ilé ìtọ́jú tiwa ò tóbi, kò sì sí bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n ń dá ènìyàn dúró sí níbẹ̀. Àárín ibi tí àwọn ènìyàn ń gbé ló wà. Àìsàn ọpọlọ la ń tọ́jú, pẹ̀lú ọtí tàbí oògùn tó ti di bárakú síni lára, ẹni tó bá sì wá á padà sílé rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ọmọ ọdún 7 ń bá ẹnu ọ̀nà yẹn wọlé, ẹni ọgọ́rin ọdún ń bá a wọlé.

Bẹ́ǹṣì mẹ́rin ló wà níwájú mi. Àwọn tó ń wá fúngbà àkọ́kọ́ kì í jókòó síwájú láéláé. Èyí tó sún mọ́ ẹnu ọ̀nà ni wọ́n máa ń lọ, wọ́n á gbé báàgì lé itan bí ẹni tó ń retí ọkọ̀. Àwọn ọ̀dọ́ á fi fóònù bojú. Àwọn ìyá á ti máa sọ fún mi kí n tó lanu pé, "Kì í ṣe pé orí ẹ̀ dàrú o, kò kàn rí oorun sùn ni." Màá ní, "Mo gbọ́ mà, ẹ jókòó." Bẹ́ẹ̀ mi ò bi wọ́n ní nǹkan kan.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ gba iṣẹ́ náà, bébà kan wà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri lókè orí mi: ENI TI O BA MUTI WA, A KO NI DA A LOHUN. Wọn ò tiẹ̀ fi àmì sí i. Kí n má parọ́, bébà yẹn dùn mọ́ mi. Èmi nìkan ni mo wà níbẹ̀ láàárọ̀, mo sì ti rí ọ̀mùtí tó ń gbá tábìlì. Tí mo bá ti nàka sí bébà, ọ̀rọ̀ ti parí, òfin ló sọ ọ́, èmi kọ́.

Lọ́jọ́ Ajé kan, ọkùnrin kan wọlé. Oníṣẹ́ iná ni. Tẹ́sítà wà lápò àyà ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Òórùn ọtí ti dé ọ̀dọ̀ mi kí òun fúnra rẹ̀ tó dé. Mo na bírò sí i pé kó kọ orúkọ rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n débi pé ó fi ọwọ́ òsì di ọrùn ọwọ́ ọ̀tún mú kó tó lè kọ lẹ́tà àkọ́kọ́. Ó ní, "Àǹtí, ó ti sú mi. Mo fẹ́ fi í sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n rí dókítà." Mo nàka sókè. Mo ní, "Bùrọ̀dá, ẹ máa lọ sílé ná. Ẹ padà wá ní Ọjọ́bọ̀ tí ojú yín bá dá." Mi ò jágbe mọ́ ọn o. Mo tún rẹ́rìn-ín sí i. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó ní kí Ọlọ́run bù kún mi, ó lọ.

Ó ṣe gbogbo ohun tí mo ní kó ṣe. Ó da èyí tó kù nínú ìgò nù, ó ti ara rẹ̀ mọ́lé. Nígbà tó fi máa di alẹ́ ọjọ́ kejì, ìyá rẹ̀ gbọ́ gbì. Ó bá a nílẹ̀, ara rẹ̀ gan, ó ń jà pàpàpà bí oníwárápá, ẹ̀jẹ̀ ń jáde lẹ́nu rẹ̀ nítorí ó ti gé ahọ́n ara rẹ̀ jẹ. Ní Ọjọ́bọ̀ tí mo dá fún un gan-an, orí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn ńlá ló wà, ó ń gbá kòkòrò tí kò sí kúrò lára, kò mọ ìyá rẹ̀ mọ́. Ọ̀sẹ̀ méjì ló lò níbẹ̀. Ó yè é.

Lẹ́tà láti ilé ìwòsàn ńlá yẹn ló jẹ́ kí a mọ̀. Ọ̀gá nọ́ọ̀sì wa pè mí wọ yàrá, mo ti ń múra bí màá ṣe gbèjà ara mi. Kò bá mi wí. Ó ní, "Dìde, lọ ti ilẹ̀kùn yẹn." Òun fúnra rẹ̀ lọ síta, ó fi ara tì í láti òdìkejì. Mo ti, mi ò lè ṣí i. Ó ní kí n fi gbogbo agbára mi tì í. Bí mo ṣe ń tì í tọkàntọkàn, ó yẹ̀ kúrò, mo sì fi orí sọ ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Ó ní ohun tó ṣe ọkùnrin yẹn nìyẹn. Ọtí máa ń tẹ ọpọlọ mọ́lẹ̀. Ẹni tó bá ń mu ún lójoojúmọ́ fún ọdún gbọọrọ, ọpọlọ rẹ̀ ti kọ́ bí a ṣe ń ta ko ó tọ̀sán tòru. Tí ọtí bá wá yẹ̀ lójijì, kò sí ohun tó máa dá ọpọlọ dúró mọ́. Láàárín wákàtí 6 sí 48 ni ara máa ń gan bẹ́ẹ̀ jù; láti ọjọ́ kejì sí ọjọ́ kẹrin ni ìrànrán àti rírí ohun tí kò sí máa ń dé, ìyẹn sì lè pa ènìyàn. Irú wọn kì í kàn jáwọ́. Oògùn ni wọ́n fi ń rọra gbé wọn sọ̀ kalẹ̀, ẹnìkan á máa ṣọ́ wọn, wọ́n á sì fún wọn ní fítámì B1, nítorí pé ọtí ti jẹ ẹ́ tán lára wọn, àìsí rẹ̀ sì lè ba ìrántí ènìyàn jẹ́ títí láé. Ọwọ́ tó ń gbọ̀n tí mo rí lórí tábìlì mi yẹn, ìwọ̀nba tó ti dín kù lára rẹ̀ láti òru ló fà á. Mo wò ó, mo rò pé àmupara ni.

Wọ́n yọ bébà náà lọ́jọ́ yẹn. Ojú gọ́ọ̀mù rẹ̀ ṣì wà lára ògiri.

Látìgbà náà, tí mo bá gbọ́ tí ẹnìkan ń sọ fún ẹlòmíràn pé "ṣáà dáwọ́ dúró, tó bá wù ẹ́ wàá ṣe é," ara mi máa ń bù máṣọ. Àwọn tó wà nínú heroin, tramadol tàbí codeine, àwọn oògùn tó ń pa ìrora tó sì ń di bárakú, tiwọn tún yàtọ̀. Tí wọ́n bá jáwọ́, wọ́n á máa ṣu, wọ́n á máa bì, egungun á máa ro wọ́n bí ìgbà tí wọ́n fi odó gún un, àmọ́ kò wọ́pọ̀ kí ìyẹn pa wọ́n. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni ewu wà. Ẹni tí wọ́n tì mọ́ ibì kan fún oṣù mẹ́ta jáde wá, ara ti gbàgbé, ọkàn ò gbàgbé. Ìwọ̀n tó ń lò tẹ́lẹ̀ ló máa lò, èémí rẹ̀ sì lè dáwọ́ dúró. Ìdí nìyẹn tí ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí ènìyàn jáde lẹ́wọ̀n tàbí níbi tí wọ́n tì í mọ́ fi ń bà wá lẹ́rù ju ìgbà tó ń lò ó lọ. A ní naloxone nínú dúróò mi, tí wọ́n ń fọ́n sí imú, wọ́n sì kọ́ èmi náà bí wọ́n ṣe ń lò ó. Ó máa ń dá èémí padà, àmọ́ agbára rẹ̀ lè tán kí ti oògùn olóró náà tó tán, nítorí náà a ó ṣì pe àwọn tó ń gbé aláìsàn pàjáwìrì.

Àwọn kan sì wà tó jẹ́ pé methadone tàbí buprenorphine ni wọ́n ń wá gbà, oògùn tí dókítà fi ń rọ́pò heroin àti irú rẹ̀. Àwọn ará ilé wọn máa ń bi mí, bí ẹni ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, pé ṣé kì í ṣe pé a kàn ń fi oògùn kan rọ́pò òmíràn ni. Láti 1965 tí àwọn dókítà méjì, Vincent Dole àti Marie Nyswander, ti gbé àbájáde iṣẹ́ wọn lórí methadone jáde ní New York ni wọ́n ti ń bèèrè ìbéèrè yẹn. Ìdáhùn tèmi ò gùn: èmi ni mo ń kó káàdì wọn, mo sì ń rí i pé aṣọ iṣẹ́ ló wà lọ́rùn wọn nígbà tí wọ́n ń wá.

Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọdé, n kò ní pẹ́ lórí ẹ̀, nítorí inú yàrá lọ́hùn-ún ni wọ́n ti ń ṣe é, ohun tí mo ń gbọ́ ò ju ẹ̀rín àti ìró ohun ìṣeré lọ. Mo kàn mọ̀ pé ìyá tàbí bàbá ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀ jù, oògùn ò sì wọ́pọ̀ nídìí ẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti sọ pé ìdajì àìsàn ọpọlọ ló ti ń bẹ̀rẹ̀ kí ènìyàn tó pé ọmọ ọdún 18. Ọmọ tí inú ń run ní gbogbo àárọ̀ ọjọ́ ilé ìwé, tí inú kì í run lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má nà án.

Mo tún fẹ́ kí àwọn tó rò pé nǹkan òyìnbó ni ká máa tọ́jú ènìyàn láàárín ará ilé rẹ̀ rántí pé ní 1954, Adéoyè Lámbò, dókítà àìsàn ọpọlọ, ti ń ṣe é ní Àrò, l'Abẹ́òkúta. Inú àwọn abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká ni àwọn aláìsàn ń gbé, ìbátan kan á bá wọn wá, wọ́n á máa lọ gba ìtọ́jú láti ibẹ̀. Láti gbogbo ayé ni wọ́n ti wá wò ó. Lẹ́yìn náà ló di igbákejì ọ̀gá àgbà ní Àjọ Ìlera Àgbáyé yẹn kan náà.

Oníṣẹ́ iná mi ńkọ́? Ó padà wá lẹ́yìn oṣù kan ààbọ̀. Mi ò lè gbójú sókè wò ó. Ìyá rẹ̀ ló tẹ̀ lé e, ẹni ọdún 74. Bí wọ́n ṣe ń bá ọmọ sọ̀rọ̀ ni nọ́ọ̀sì kíyè sí i pé ìyá ń fọwọ́ di ògiri rìn. Ó ti ṣubú lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún yẹn, wọ́n ní àgbà ló dé. Ọ̀rọ̀ wá délẹ̀ pé láti ọjọ́ tí bàbá ti kú, ọdún 11, ló ti ń lo oògùn oorun lálaalẹ́. Oògùn yẹn ló ń gbé e ṣubú, òun náà ò sì ṣeé jù nù lójijì, ewu kan náà tó wà nínú ọtí ọmọ rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni dókítà ń dín in kù. Mama máa ń tú bébà kékeré kan níwájú mi, kí n rí oògùn tí wọ́n ti pín sí wẹ́wẹ́. "Ọmọ mi, wo èyí, ó ti di ìdá kan nínú mẹ́rin." Mo máa ń kí i bí ẹni kí ìyá ìkókó.

Mo ní ìwé kan nísinsìnyí tí mò ń kọ orúkọ àwọn tó pàdánù ọjọ́ wọn sí. Ní aago mẹ́ta ọ̀sán ni mo máa ń pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan: "Ẹ ò ṣẹ̀ mí o, mo ní kí n kàn kí yín ni." Kò sí nínú iṣẹ́ tí wọ́n gbà mí fún. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, ìtìjú ni kò jẹ́ kí wọ́n wá. Wọ́n ti tún mu ún, ojú ń tì wọ́n láti wá jẹ́ ẹ lójú ẹni tó yìn wọ́n lóṣù tó kọjá.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, oníṣẹ́ iná wọlé lẹ́yìn oṣù márùn-ún tí kò fẹnu kan ọtí. Bẹ́ǹṣì ẹnu ọ̀nà ló lọ jókòó sí. Mo dìde, mo lọ jókòó tì í, òórùn náà sì kí mi káàbọ̀. Ó ń wo ògiri lókè tábìlì mi, ibi tí ojú gọ́ọ̀mù wà.

Mo ní, "Bùrọ̀dá, ìgbà wo lẹ mu ún gbẹ̀yìn?"

"Láàárọ̀ yìí ni."

"Ọjọ́ mélòó lẹ ti ń mu ún?"

"Mẹ́fà."

Mo kọ méjèèjì sí orí káàdì rẹ̀, mo sì lọ kan ilẹ̀kùn ọ̀gá nọ́ọ̀sì.