Run yìí, sáré nìkan kọ́ o

Tíṣà tó kọ́ mi ní Gẹ̀ẹ́sì ní pírámárì ò purọ́ fún mi, ó ní run ni sáré, mo kọ ọ́ sínú ìwé, wọ́n máàkì ẹ̀ fún mi, mo sì gbé e wọ bàálù bẹ́ẹ̀ dé ìlú ọba. Ọ̀sẹ̀ kìíní tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó lojú mi là.

Ọ̀gá wa lọ́jọ́ náà, obìnrin kan tí ẹnu ẹ̀ ń yára bí ẹ̀rọ ìránṣọ, ní kí n run bath fún màmá kan. Mo gbọ́ run, mo gbọ́ bath, mo gbọ́ orúkọ màmá, ó ti yé mi nìyẹn! Mo ran màmá lọ́wọ́, ó jókòó sórí wheelchair, mo bá ki eré mọ́lẹ̀, màmá ń rẹ́rìn-ín, ó ń ju ọwọ́ sókè bíi pé a wà lójú ìje. A débẹ̀, ẹ̀kán omi kan ò sí nínú báàfù. Ọ̀gá dé, ó wo èmi, ó wo báàfù, ó ní omi dà? Àṣé kí n lọ ṣí omi sílẹ̀ kó máa kún ni gbogbo ọ̀rọ̀ yẹn. Omi ló yẹ kó sáré, kì í ṣe èmi.

Ìyẹn ṣì jẹ́ ẹ̀rín. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, àwọn tó ṣiṣẹ́ òru ń ròyìn fún wa, wọ́n ní "she's had the runs all night". Màmá tí wọ́n ń sọ yìí ti lé lẹ́ni 80 ọdún, irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin ló fi ń rìn, láti bẹ́ẹ̀dì dé ẹnu ọ̀nà ó máa sinmi ẹ̀ẹ̀mejì. Mo jókòó, mò ń rò ó lọ́kàn pé eré wo ni màmá yìí sá mọ́jú, ta ló ń lé e? Mi ò béèrè o, ta ló fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé òun ò gbọ́? Mo múra fún màmá, mo ti ń mú un bọ̀ ní pálọ̀ kí nọ́ọ̀sì tó pariwo mọ́ mi láti ọ̀ọ́kán. Ìgbẹ́ gbuuru ni the runs! Ẹni tó bá sì ń ṣe é, yàrá ẹ̀ ló gbọ́dọ̀ wà títí wákàtí 48 máa fi kọjá lẹ́yìn èyí tó yà kẹ́yìn, kó má baà ran àwọn yòókù.

Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n ní kí n "run it past the nurse", ẹsẹ̀ ẹnì kan tó wú ni mo kọ sínú ìwé. Past ni mo dì mú, torí mo mọ̀ pé past ni kí nǹkan kọjá, mo bá gbé ìwé kọjá nọ́ọ̀sì, ó di ọ̀dọ̀ mánéjà tààrà. Ẹ ò rí bí nọ́ọ̀sì ṣe di ojú mọ́ mi! Kí n fi hàn án kó sọ tiẹ̀ ni wọ́n ní, èmi lọ yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Títí dòní mi ò gbà pé ẹ̀bi mi ni.

Ẹni tó bá ní òun ń running late, pé òun máa pẹ́ dé, lè má tíì dìde lórí bẹ́ẹ̀dì. Tí tíṣù bá tán, ó ti run out, tí imú bá ń ṣomi, ó ń run. Àwọn Amẹ́ríkà máa ń run tí wọ́n bá fẹ́ du ipò, àwọn tibí ní stand làwọn ń ṣe, ìdìbò kan náà o, ẹnì kan ń sáré, ẹnì kan dúró.

Nígbà tí mo wádìí ẹ̀ ni mo rí i pé orí mi ò burú. Nínú Oxford English Dictionary ti 1989, set ló gbapò kìíní, ó ní ìtumọ̀ tó lé ní 400, àmọ́ nígbà tí wọ́n tún run kọ, ó di 645, ìyẹn gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀-ìṣe nìkan. Peter Gilliver tó ṣiṣẹ́ náà lò tó oṣù 9 lórí ẹ̀. Oṣù mẹ́sàn-án! Odindi oyún lórí ọ̀rọ̀ kan. Àwọn ẹ̀rọ tún dá kún un, reluwé ń run, ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ ń run, títí dórí kọ̀ǹpútà. Ohun tó wá ń gbà mí báyìí ni pé mi ò kí ń wo run fúnra ẹ̀ mọ́, ọ̀rọ̀ kékeré tó tẹ̀ lé e ni mò ń dúró gbọ́.

Òyìnbó kan tá a jọ ń ṣiṣẹ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí, mo ní kó fara balẹ̀, àwa náà ní tiwa. Mo sọ gbọ́ fún un: a ń gbọ́ ọ̀rọ̀, a ń gbọ́ èdè, a ń gbọ́ bùkátà, tí nǹkan bá sì ń rùn, gbígbọ́ náà la tún ń gbọ́ ọ. Ó ní etí wo la fi ń gbọ́ òórùn? Mo ní ẹsẹ̀ wo ni màmá fi sáré mọ́jú?

Ní báyìí, tá a bá dé ẹnu yàrá kan láàárọ̀ tí afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ò dáa, á yíjú sí mi, á ní ṣé o gbọ́ yẹn? Màá ní mo gbọ́ o, wọ́n ti sáré.