Ibi Tí À Ń Lọ Ni Mo Fi Pamọ́, N Kò Fi Ọjọ́ Pamọ́

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbé ìyàwó mi lọ gbafẹ́ láìsọ fún un tẹ́lẹ̀, díẹ̀ ló kù kó bú sẹ́kún, ẹkún náà kì bá sì ti jẹ́ ti ayọ̀. Oṣù Kọkànlá ọdún 2022 ni. Mo ti ibi iṣẹ́ dé láti Ìkẹjà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan, mo ní kó di aṣọ ọjọ́ méjì, pé mo ti gba yàrá sílẹ̀ fún wa ní òtẹ́ẹ̀lì kan ní Lẹ́kí, àti pé àbúrò mi ọkùnrin ti wà lọ́nà tí yóò wá dúró ti àwọn ọmọ. Mo ń retí pé yóò dì mọ́ mi. Fìrísà tó kó ẹja títà rẹ̀ sí ló kọ́kọ́ wò, ó wo yunifọ́ọ̀mù àwọn ọmọ tó ti rẹ sínú omi, kó tó wá wo ojú mi. Ó ní, "Ẹ ṣeun, Bàbá Ìbejì," ohùn rẹ̀ sì dà bí ti ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi kún ẹrù orí rẹ̀.

Láti Agége tí à ń gbé títí a fi dé Lẹ́kí, orí fóònù ló wà. Àbúrò mi kò mọ iye tí wọ́n ń ta kòtè, ó sì ta pánlá ní iye ṣáwà. Nígbà tí iná lọ, kò mọ ibi tí epo jẹnẹrétọ̀ wà, ẹja sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́. Aláàjọ dé ní àárọ̀ Sátidé, kò bá owó nílẹ̀. Táyé wúkọ́ lóru. Mo ra oúnjẹ olówó ńlá tí ìyàwó mi kò jẹ dé ìdajì, a jókòó sí etí òkun, ó sì ń ṣàlàyé fún ẹni tó wà nílé bí wọ́n ṣe ń ṣí gáàsì. A padà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, ó fọ aṣọ títí di aago méjìlá òru. Ọjọ́rú ló tó sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ jáde: "Ẹ gbé mi kúrò nílé lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ kò gbé ilé kúrò lórí mi."

Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́, mo bínú. Mo ṣírò iye tí mo ná, mo sì sọ nínú ọkàn mi pé aláìmoore ni. Ìbéèrè kan ni kò jẹ́ kí n lè di ìbínú náà mú pẹ́: bó bá jẹ́ pé èmi ni àbúrò mi pè, kí ni ǹ bá sọ fún un? Èmi náà kò mọ iye tí wọ́n ń ta kòtè. N kò mọ ọjọ́ tí aláàjọ ń wá. Mo mọ̀ pé Táyé ní ikọ́ fée, èmi ni mo sì ń san owó oògùn rẹ̀, ṣùgbọ́n n kò mọ ibi tí ínhélà rẹ̀ ń gbé. Nígbà yẹn, a ti ṣe ìgbéyàwó fún ọdún mẹ́tàlá, àkọ́bí wa ti pé ọmọ ọdún mọ́kànlá, àwọn ìbejì sì ti pé ọdún méje.

Nígbà tí mo fẹ́ tún un ṣe ní ọdún 2023, mo fún ara mi ní ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Olùkọ́ ni ìyàwó mi, mo sì mọ̀ pé ìsinmi ráńpẹ́ àárín sáà yóò bọ́ sí ìparí Oṣù Kẹwàá, nítorí náà kò ní sí pé ó ń tọrọ àyè lọ́wọ́ ọ̀gá ilé-ìwé. Mo ra ìwé olójú-ewé ogójì kan, irú èyí tí àwọn ọmọ ń kọ iṣẹ́ ilé sí, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í jí ní ìgbà tí òun bá jí, ìyẹn aago márùn-ún ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, mo ń ṣe bí ẹni tó ń ka ìròyìn lórí fóònù.

Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, mo kọ ohun mọ́kàndínlógún tó ṣe sílẹ̀ kí aago mẹ́fà ààbọ̀ tó lù, ṣẹ́ẹ̀tì tí mo fẹ́ wọ̀ lọ síbi iṣẹ́ sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ó fọwọ́ kan ara fìrísà ní òkùnkùn láti mọ̀ bóyá iná dúró lóru. Ó yẹ inú dúrọ́ọ̀mù wò láti mọ̀ bóyá omi tó. Ó ya oúnjẹ sínú kúlà mẹ́ta lọ́nà mẹ́ta, nítorí pé Kẹ́hìndé kì í jẹ ìrẹsì tí ọbẹ̀ bá ti kàn. Kó tó jí Táyé, ó tẹ̀ ba, ó gbé etí lé ẹ̀yìn ọmọ náà, ó dúró díẹ̀ láti gbọ́ bóyá àyà rẹ̀ ń súfèé. Yàrá tó kángun sí ti àwọn ọmọ yìí ni mo ti ń sùn láti ọdún méje ó lé, n kò rí i kó ṣe bẹ́ẹ̀ rí.

Èyí tó wà lójúkojú nìyẹn. Èyí tó wà nínú orí rẹ̀ ló le láti rí: ọjọ́ tí wọ́n ń kó ẹja dé fún un láti Ìjọra, oníbàárà tó ń ràwìn àti èyí tí kò gbọdọ̀ fún láwìn mọ́, obìnrin tó ń di irun àkọ́bí wa, bí a ṣe ń yàgò fún èéfín oògùn ẹ̀fọn nítorí Táyé. N kò lè bi í, kí ọ̀rọ̀ má baà tú, nítorí náà mo bi ọmọ wa obìnrin, mo sì búra fún un pé àṣírí ni. Ó dáhùn gbogbo rẹ̀ láìronú, lẹ́yìn náà ó wò mí, ó ní, "Dádì, ṣé ẹ kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni?" Mo ní mo kàn fẹ́ dán an wò ni. Irọ́ ni mo pa fún ọmọ mi.

Ní ti owó, n kò ní sọ púpọ̀. Mo ń ya ₦15,000 sọ́tọ̀ lọ́sẹ̀, ó di ₦120,000, n kò fọwọ́ kan owó ilé-ìwé, n kò sì yá kọ́bọ̀. Ìgbafẹ́ tí ènìyàn ń sanwó rẹ̀ fún oṣù mẹ́fà lẹ́yìn tó ti dé kì í dùn.

Ìyá ìyàwó mi ni mo fẹ́ kó wá dúró ti àwọn ọmọ. Mo lọ bá wọn ní Àgọ́-Ìwòyè ní Sátidé kan, mo dọ̀bálẹ̀, mo ro ẹjọ́ mi. Wọ́n ní, "Bàbá Ìbejì, ṣé ó ti mọ̀?" Mo ní kò mọ̀, pé èyí gan-an ni adùn rẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di ìkòkò tí wọ́n ń rò mú. Wọ́n ní, "Obìnrin tó ní ọmọ mẹ́ta nílé kì í fẹ́ kí ọjọ́ já lu òun. Ẹ sọ ọjọ́ fún un. Ibi tí ẹ ń lọ ni kí ẹ fi pamọ́."

Nínú gbogbo ohun tí mo ń kọ síhìn-ín, bí ẹ̀yin ọkọ ẹgbẹ́ mi yóò bá mú ẹyọ kan, ẹ mú ọ̀rọ̀ ìyá yìí. Ọjọ́ mẹ́wàá ṣáájú, mo sọ fún ìyàwó mi pé láti ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì báyìí sí ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, kò ní sí nílé, Màmá ń bọ̀, ìyókù kò kàn án. Ó lọ dirun. Ó tètè ta ẹja tó wà nílẹ̀, ó sì sọ fún àwọn oníbàárà rẹ̀ pé òun kò ní sí ní Sátidé. Lálaalẹ́ ni ó ń dárúkọ ìlú kan, tí mo ń mi orí, ìlú kan kò sì kù láàárín Badagry àti Àkúrẹ́ tí kò dárúkọ tán. Mo gbà pé ìdajì ìgbafẹ́ náà wà nínú ọjọ́ mẹ́wàá wọ̀nyẹn, bẹ́ẹ̀ ní ọdún tó ṣáájú, èmi nìkan ni mo jẹ ìdajì yẹn.

Ọkọ̀ ojú irin tó ń ti Èkó lọ sí Ìbàdàn, èyí tí wọ́n ṣí ní Oṣù Kẹfà ọdún 2021, ni mo yàn, nítorí pé ó ń dúró ní Agége, n kò sì fẹ́ kí sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ òpópónà jẹ nínú ọjọ́ wa. Íntánẹ́ẹ̀tì ni mo ti ra tíkẹ́ẹ̀tì, mo sì fi í sápò. Ó ti dá a lójú pé Abẹ́òkúta là ń lọ, pé a ó gun Òkè Olúmọ, òun yóò sì ra àdìrẹ ní Ìtòkú. Nígbà tí ọkọ̀ dúró ní Láderin, ibùdókọ̀ ojú irin Abẹ́òkúta, ó dìde, ó gbé báàgì rẹ̀. Èmi kò dìde. Ó wò mí, ó rọra jókòó padà, ó ní, "Ìbàdàn?" Kò tún sọ̀rọ̀ mọ́ títí a fi dé Mọníyà, ibùdókọ̀ ti Ìbàdàn, fèrèsé ló kọjú sí. Yunifásítì Ìbàdàn ni a ti pàdé ní ọdún 2007, a kò sì jọ fẹsẹ̀ tẹ ìlú náà láti ìgbà tí a ti ṣe ìgbéyàwó.

Mo ti to ibi márùn-ún sílẹ̀ fún Sátidé: Òkè Àrẹ̀, Mápó, Ilé Kòkó, ọgbà Agodi àti yunifásítì. Ìyàwó mi sùn títí aago mọ́kànlá ààbọ̀. Lẹ́ẹ̀mejì ni mo na ọwọ́ láti jí i, tí mo fà á padà, nítorí ètò tó ń bàjẹ́ ń dùn mí. Mo wá jókòó sórí àga, mo ń wo ẹni tí n kò rí kó sùn kọjá aago mẹ́fà àárọ̀ láti ìgbà tí a ti bí àkọ́bí wa. A wọ takisí Micra lọ sí Bódìjà, a jẹ àmàlà pẹ̀lú gbẹ̀gìrì àti ewédú, nígbà tó sì di ìrọ̀lẹ́, a rìn láti Kuti Hall tí mo gbé nígbà náà dé Queen Elizabeth Hall tí òun gbé, ọ̀nà tí mo máa ń sin ín lọ, tí yóò tún sin mí dé ìdajì, tí èmi náà yóò tún sin ín padà. Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ ló pọ̀ jù nínú ohun tí a sọ. Àwọn kan ní kí tọkọtaya má dárúkọ ọmọ bí wọ́n bá ń gbafẹ́. N kò gbà pẹ̀lú wọn.

Aago mẹ́sàn-án kọjá ogún ìṣẹ́jú alẹ́ ni Màmá pè mí. Èmi ni a ti jọ sọ pé kí wọ́n pè. Àyà Táyé ti ń súfèé. Ara mi balẹ̀, mo ní kí wọ́n ṣí dúrọ́ọ̀ kejì nínú kọ́bọ́ọ̀dù, ínhélà wà níbẹ̀, mo ti kọ ọ́ sínú ìwé. Wọ́n wá a, wọn kò rí i. Mo ní kí wọ́n wo dúrọ́ọ̀ kìíní. Ìyàwó mi ti jókòó sókè lórí bẹ́ẹ̀dì, ó na ọwọ́, mo sì gbé fóònù fún un. Ó ní, "Màmá, ó wà nínú àpò ilé-ìwé rẹ̀, ní ojú àpò kékeré iwájú." Kẹ́hìndé ló sáré mú un wá. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, a gbọ́ ohùn Táyé tó ń béèrè bóyá a ti ra nǹkan fún òun. Ìyàwó mi kò bá mi wí. Ó kàn sọ pé ní gbogbo ọjọ́ tí ilé-ìwé bá wà, inú àpò ló ń gbé, àti pé òun kò tí ì dá a padà sí dúrọ́ọ̀ láti ọjọ́rú tí wọ́n ti gba ìsinmi.

Àárọ̀ ọjọ́ Àìkú ni a gun ilé ìṣọ́ Bower ní Òkè Àrẹ̀, èyí tí wọ́n kọ́ ní ọdún 1936. Àtẹ̀gùn inú rẹ̀ lọ́ bìrìkìtì, ó sì há débi pé ẹni méjì kò lè jọ gùn ún ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Òun ló wà níwájú. Láti òkè, òrùlé páànù tó ti dípẹtà tẹ́ lọ bí ojú ṣe lè rí i tó, Ilé Kòkó alájà mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n sì yọ lórí gbogbo wọn. Ó ní nígbà tí òun jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, òun rò pé ẹni tó bá ti ń ṣiṣẹ́ nínú ilé yẹn ti parí ayé. Ó dúró níbẹ̀ fún bí ìdajì wákàtí láìwo fóònù. Ní ọ̀sán, a wọ ọkọ̀ ojú irin padà. A bá yunifọ́ọ̀mù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lórí okùn, wọ́n ti gbẹ.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo bá ìwé olójú-ewé ogójì yẹn lórí tábìlì oúnjẹ, pẹ̀lú bíró pupa tó fi ń máàkì iṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Ó ti fagi lé "dúrọ́ọ̀ kejì", ó kọ "àpò ilé-ìwé, Ajé sí Ẹtì" sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó ti tún iye pánlá ṣe. Níbi tí mo kọ sí pé Kẹ́hìndé kì í jẹ ẹ̀wà, ó kọ pé, "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Èyí tí àlùbọ́sà rẹ̀ kò bá jinná ni kì í jẹ." Ní ìsàlẹ̀ ojú ewé tó kẹ́yìn, ó fún mi ní 6/10, ó sì kọ pé kí n tún iṣẹ́ náà ṣe, kí n fi ìwé sílẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé.