Irorẹ́: Ẹ Kọ́kọ́ Béèrè Ohun Tó Ti Ń Fi Pa Ojú

Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọṣẹ́ apòògùn, ohun tí mò ń rí lọ́wọ́ yín ní káńtà ti ń bí mi nínú. Oníbàárà á ní irorẹ́ kún ojú òun, ẹ ò tíì wo ojú ọ̀hún tẹ́ ẹ ti nawọ́ mú kírímù.

Àkọ́kọ́, ẹ yé sọ fún wọn pé ìdọ̀tí ló fà á. Ẹ kúkú mọ̀ pé ọ̀rá ara àti awọ tó ti kú ló ń dí ihò irun kí kòkòrò tó dá sí i. Ẹni tó ń fi kànrìnkàn ha ojú, ó ń dá kún un ni.

Ìkejì, ẹ béèrè ohun tó ti ń fi pa ojú. Ibí gan-an lọ̀rọ̀ wà.

Nígbà tí mo wà ní ṣọ́ọ̀bù kan n'Íbàdàn, ọmọbìnrin kan wọlé, irorẹ́ díẹ̀ ló wà lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Mo ní kó lo benzoyl peroxide 2.5%, oògùn irorẹ́ tí wọ́n ń fi pa ojú, kó ṣe sùúrù fún oṣù méjì sí mẹ́ta. Ọ̀gá mi gba ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu, ó gbé kírímù tó ní clobetasol, ìyẹn oògùn steroid tó le gan-an, fún un. "O ò mọ ọjà tà," ló sọ sí mi lójú oníbàárà. Kò pẹ́ tí ojú fi jọ̀lọ̀. Ọmọ náà mú ọ̀rẹ́ wá, wọ́n ń dúpẹ́, ọ̀gá ń wò mí tẹ̀gàntẹ̀gàn.

Clobetasol kì í wo irorẹ́ sàn, ńṣe ló ń tẹ wíwú rẹ̀ mọ́lẹ̀ fúngbà díẹ̀. Tí ẹni tó ń lò ó bá fi í sílẹ̀, irorẹ́ á tú yọ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, òun náà á tún sáré padà sídìí kírímù ọ̀hún. Nígbà tí màmá ọmọbìnrin yẹn fà á wọlé, kóro kéékèèké tó dọ́gba ti bo ojú rẹ̀ láti iwájú orí dé àgbọ̀n, awọ ti fẹ́lẹ́ débi pé omi lásán ń ta á. Èmi tí mo wà ní káńtà ni ìyá bú. Ọ̀gá wà lẹ́yìn, ó ń ka owó.

Mo fẹ́ kọ ìkẹta, àmọ́ inú ti bí mi jù. Ojú tí kírímù bẹ́ẹ̀ ti bà jẹ́, ẹ darí rẹ̀ sọ́dọ̀ dókítà awọ. Ẹ má ta adapalene, oògùn irorẹ́ míì tí wọ́n ń fi pa ojú, fún aláboyún. Ẹni tẹ́ ẹ bá ta benzoyl peroxide fún, ẹ sọ fún un kó fi tówẹ́ẹ̀lì funfun nu ojú, torí ó máa ń pa àwọ̀ aṣọ rẹ́.